Kí N Tó Fọwọ́ Kan Wáyà

Òórùn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó rí èéfín. Ó dà bí ìgbà tí ẹja tó ti ń bàjẹ́ bá bọ́ sórí rọ́bà tó ń jó. A ò tíì tan jẹnẹrétọ̀ tó ìṣẹ́jú méjì. Ọmọkùnrin oníṣẹ́ iná tí mo pè wá sílé mi ní Ìdí-Aba ṣì dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn mọ́tò, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ ò rí i bó ṣe mọ́lẹ̀!" Lóòótọ́, àwọn gílóòbù tó yí dígí ká mọ́lẹ̀, wọ́n tiẹ̀ mọ́lẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n funfun débi pé ojú ò gbà á. Lẹ́yìn náà ni nǹkan ró gbàù lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, gbogbo rẹ̀ sì ṣókùnkùn. Nígbà tí mo pe ẹ̀gbọ́n mi ní Amẹ́ríkà, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: "Ṣé kì í ṣe pé o ki iná Nàìjíríà sí i?" Mi ò rí èsì fọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi yìí ló rán mọ́tò náà wá. Motor home ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Ilé ni, mọ́tò sì ni: bẹ́ẹ̀dì wà nínú rẹ̀, kíṣìnnì wà níbẹ̀, balùwẹ̀, fíríìjì, dígí gbàǹgbà. Àwọn tó ń ṣe fíìmù ní Abẹ́òkúta ń pe tèmi ní "ilé onítáyà", àwọn náà ni mo sì ń fi í ṣiṣẹ́ fún. Ìlú wa yìí, àwọn òṣèré kì í pẹ́ kí wọ́n tó tún dé. Wọ́n á ya fíìmù lágbègbè Olúmọ, wọ́n á yà á láàárín àwọn ilé àtijọ́ tó ní páànù dídípẹtà lórí, wọ́n á gba ọ̀nà Ọ̀dẹ̀dá lọ sínú oko. Níbi gbogbo tí wọ́n bá lọ, wọ́n nílò ibi tí wọ́n á ti múra, tí wọ́n á ti kun ojú, tí wọ́n á ti sinmi díẹ̀. Èmi á gbé ilé onítáyà lọ bá wọn, wọ́n á sanwó ojúmọ́ fún mi. Iṣẹ́ tó dáa ni, ṣùgbọ́n iná ni ẹ̀mí rẹ̀. Bí iná bá kú, kò sí ohun tó kù ju àpótí gbígbóná kan tó dúró sínú oòrùn lọ.

Ọdún mẹ́ta ni mo ti wà lẹ́nu rẹ̀ báyìí. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa iná inú rẹ̀, owó ni mo fi kọ́ ọ, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí mo mọ̀ pé àwọn míì ń ra irú mọ́tò yìí, àwọn míì sì ń gba káfíńtà sínú bọ́ọ̀sì kí wọ́n lè sọ ọ́ di ilé fúnra wọn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn. Iná ilé ní Amẹ́ríkà, volt 120 ni (volt ni agbára tó ń ti iná gba inú wáyà), ó sì ń lọ, ó ń bọ̀ nígbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tiwa, volt 230 ni, ìgbà 50 ló ń lọ tó ń bọ̀. Ẹ̀rọ ìgbóná tí wọ́n ṣe fún 120, bí ẹ bá fún un ní 230, ooru rẹ̀ kì í ṣe ìlọ́po méjì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin, nítorí bí volt bá di méjì, ampere, ìyẹn iye iná tó ń ṣàn, náà á di méjì, àwọn méjèèjì ló sì jọ ń bí ooru. Ọmọkùnrin yẹn rí i pé pulọ́ọ̀gì Amẹ́ríkà ò wọ ojú sókẹ́ẹ̀tì tiwa, ó gé e dànù, ó fi tiwa rọ́pò. Pulọ́ọ̀gì ló rò pé ìṣòro náà wà. Máíkírówéfù jó. Converter, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń sọ iná ilé di volt 12 tó sì ń ṣáájì bátìrì, òun náà jó.

Wọ́n ní kí n lọ ra tíránsífọ́mà tó ń rẹ volt sílẹ̀ ní Alábà, mo sì rà á. Ó wúwo débi pé èèyàn méjì ló ń gbé e. Ó sọ 230 di 120 lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó lè ṣe sí 50 yẹn kó di 60, nítorí náà ẹ̀rọ amúlétutù orí òrùlé ń yí bí ẹni tí àárẹ̀ mú, ó sì ń gbóná. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin ọkàn mi pinnu. Mo ní kí wọ́n tú gbogbo ohun tó ń lo 120 jáde, a fa wáyà tuntun fún 230, a fi sókẹ́ẹ̀tì tiwa sí i, mo ra ínfátà tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ wa. Àwọn ohun tó ń lo volt 12 ni mo fi sílẹ̀: iná òrùlé, ẹ̀rọ tó ń fa omi, fáànù kékeré balùwẹ̀. Volt 12 kò ní orílẹ̀-èdè, ibi gbogbo ló ti ń jẹ́ volt 12. Bí mo bá tún ra irú mọ́tò yìí lónìí, ọjọ́ tó bá dé láti Lágọ́ọ̀sì ni màá ti tú u, mi ò ní fi oṣù mẹ́rin gbé tíránsífọ́mà kiri.

Ohun tí ó yẹ kí ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ mọ̀ ni pé iná mẹ́ta ló jọ ń gbé inú ilé yìí. Èkíní ni iná ẹ́ńjìnì: bátìrì iwájú tó ń ta mọ́tò, àti alternator tó ń dá iná padà fún un. Èkejì ni iná ilé, volt 12 lòun náà, bátìrì méjì tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń gbé e. Ẹ̀kẹta ni 230 tó ń wá láti inú jẹnẹrétọ̀, láti ara ilé tí a bá fa iná lọ́dọ̀ wọn, tàbí láti inú ínfátà tó ń sọ volt 12 bátìrì di 230. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gba ihò kan náà kọjá lẹ́yìn pákó ara ògiri, wọ́n fara kan ara wọn bí èrò inú dánfó. Volt 12 ò lè gbá ẹ mú, ṣùgbọ́n ó lè dáná sun mọ́tò. 230 lè pa èèyàn lójú ẹsẹ̀.

Bàbá Rẹ́wáyà tó ń bá mi ṣe é ní Lafẹ́nwá ti lé ní ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Kò sí irú mọ́tò tí wọn ò tíì tú. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ so bátìrì ilé padà, wọ́n mú wáyà dúdú, wọ́n dè é mọ́ bọ́dì mọ́tò, bí wọ́n ti ń ṣe láti ọgbọ̀n ọdún. Nínú gbogbo mọ́tò tí a mọ̀, pupa ló ń lọ sí orí bátìrì (ojú +), dúdú ló ń ti ìdí rẹ̀ (ojú −) lọ sí bọ́dì. Bí wọ́n ti gbé wáyà kejì lé orí bátìrì, iná bú jáde ṣáá, ìrin kékeré kan yọ́ lójú wa bí àbẹ́là. Bàbá fà sẹ́yìn, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n.

Nígbà tí a fara balẹ̀ wò ó, a rí i pé nínú ilé onítáyà tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, ní apá ilé, wáyà dúdú ló máa ń gbé iná, funfun ló máa ń lọ sí bọ́dì. Ní apá iná 120 wọn náà, dúdú ló gbóná, funfun ni kò ní iná. Ilé tiwa tí wọ́n fa wáyà rẹ̀ látijọ́ ńkọ́? Pupa ló gbóná, dúdú ni kò ní iná. Àwọn ilé tuntun sì ti di àwọ̀ búráùn àti búlúù. Wáyà dúdú kan ṣoṣo, ohun tó túmọ̀ sí lọ́wọ́ oníṣẹ́ mọ́tò yàtọ̀ sí tọwọ́ oníṣẹ́ ilé, tọwọ́ àwọn méjèèjì sì yàtọ̀ sí tọwọ́ ẹni tó kàn án mọ́ mọ́tò yìí lókè òkun. Bàbá jókòó lórí táyà fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ọmọ mi, láti òní lọ, mi ò ní bi àwọ̀ wáyà léèrè ohunkóhun mọ́. Lọ ra mítà kékeré tí wọ́n fi ń yẹ iná wò fún ara rẹ, kí o má gbẹ́kẹ̀ lé tèmi nìkan."

Mo rà á ní Kútọ̀, kò tó owó epo ọjọ́ kan. Mítà yìí ni mo fi ń jí. Bí mo bá fẹ́ wo bátìrì, màá yí i sí DC 20 (DC ni iná bátìrì, tó ń lọ sápá kan). Bí ó bá jẹ́ sókẹ́ẹ̀tì ni, màá yí i sí AC (iná ilé, tó ń lọ tó ń bọ̀), sí nọ́ńbà tó ga ju 230 lọ. Wáyà pupa mítà kò gbọdọ̀ wà lójú ihò tí wọ́n kọ 10A sí nígbà tí ẹ bá ń wo volt, nítorí bí ẹ bá fi í síbẹ̀, ẹ ti so orí àti ìdí bátìrì pọ̀ nìyẹn. Gbogbo wáyà tí a bá ti dá mọ̀, mo ń lẹ téèpù funfun mọ́ ọn, mo ń fi bírò kọ ibi tó ti ń bọ̀ àti ibi tó ń lọ. Ọjọ́ mẹ́fà gbáko ni mo fi ṣe ìyẹn, kò sì sí ọjọ́ mẹ́fà tó wúlò fún mi tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà Ọ̀dẹ̀dá ni a ti kọ́ ẹ̀kọ́ bátìrì. Fíìmù kan tí wọ́n fẹ́ yà mọ́jú ni, inú oko, kò sí iná ìjọba níbẹ̀, jẹnẹrétọ̀ wọn sì wà fún kámẹ́rà. Ilé onítáyà ló ń tan iná fún àwọn tó ń múra. Fáànù ń yí, ẹ̀rọ omi ń fa omi, fóònù bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà lẹ́nu sókẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó di bí aago mẹ́rin ìdájí, iná bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bí ìtànná àtùpà tí epo ń tán nínú rẹ̀. Mo ní kò sí wàhálà, ẹ jẹ́ kí n ta ẹ́ńjìnì kí alternator fún wa ní iná. Mo yí kọ́kọ́rọ́. Tẹ̀-tẹ̀-tẹ̀-tẹ̀. Ẹ́ńjìnì ò dáhùn. Dàrẹ́tọ̀ fíìmù dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò sọ̀rọ̀, ó kàn ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Mọ́tò yìí kì í ṣe èyí tí èèyàn mẹ́wàá lè tì.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Láàárín bátìrì ẹ́ńjìnì àti bátìrì ilé, ohun kékeré kan máa ń wà tí wọ́n ń pè ní isolator. Bí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, ó máa so wọ́n pọ̀ kí alternator lè ṣáájì gbogbo wọn. Bí ẹ́ńjìnì bá kú, ó máa yà wọ́n, kí ilé má baà fa ti ẹ́ńjìnì gbẹ. Tèmi ti bàjẹ́ kó tó dé, ẹnì kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ bá mi tún un ṣe sì fi wáyà gbọọrọ kan fo ó dá. Lójú rẹ̀, ó ti tún un ṣe. Láti ìgbà yẹn, bátìrì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti di ọ̀kan. Ohun tí ilé ń jẹ lóru, ẹ́ńjìnì ló ń jẹ gbèsè rẹ̀ láàárọ̀.

Bọ́ọ̀sì àwọn òṣèré la fi ta á lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú ẹ̀, kó so wáyà pupa mọ́ orí bátìrì tó kú, kó so òpin rẹ̀ kejì mọ́ orí èyí tó yè, kó so dúdú mọ́ ìdí bátìrì tó yè, ṣùgbọ́n òpin dúdú tó kù, ara irin ẹ́ńjìnì mọ́tò tó kú ni kó so ó mọ́, kó jìnnà sí bátìrì. Bátìrì máa ń yọ gáàsì hydrogen, pàápàá bó bá ń gba iná, ìtapàrà kékeré lórí rẹ̀ sì lè fọ́ ọ mọ́ èèyàn lójú. Nítorí gáàsì yẹn náà ni mo ṣe gbẹ́ ihò afẹ́fẹ́ sára àpótí bátìrì abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kó máa jáde síta.

Ìgbà tí a gbé àwọn bátìrì ilé wá sọ́dọ̀ oníbátìrì, a tún rí àṣìṣe kejì. Èmi ni mo rà wọ́n. Bátìrì mọ́tò lásán ni, èyí tí wọ́n ṣe fún títa ẹ́ńjìnì. Òjé pẹlẹbẹ inú rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó pọ̀, kó lè tú iná púpọ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí alternator sì yára dá a padà. Bí ẹ bá ń fi í tan iná mọ́jú lójoojúmọ́, á kú láàárín oṣù mélòó kan. Tèmi ò lò ju oṣù márùn-ún lọ. Èyí tó yẹ fún ilé ni deep cycle, òjé tirẹ̀ nípọn, ó lè fara da kí wọ́n máa fà á lọ fà á bọ̀. Síbẹ̀, òun náà kò fẹ́ kí wọ́n fà á kọjá ìdajì. Bátìrì tó ti sinmi, tí nǹkan kan kò fà á, tó kún, mítà á kà á sí 12.6 tàbí 12.7. Ní 12.2 ó ti kù ìdajì, ibẹ̀ ni mo ti ń pa ínfátà. Bó bá lọ sí 11.9, ó ti tán ná, ẹ sì ń jẹ ara bátìrì fúnra rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, kí mítà wà láàárín 13.8 àti 14.4, bí kò bá dé ibẹ̀, alternator tàbí wáyà rẹ̀ ló ń ṣàìsàn.

Mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ omi. Bátìrì olómi, omi ló máa ń gbẹ nínú rẹ̀, ásíìdì kì í gbẹ. Nítorí náà omi ni kí ẹ dá padà, ẹ má bu ásíìdì sí i. Omi bátìrì tó wà nínú ike ni kí ẹ rà. Ọmọ iṣẹ́ mi fi pọ́ọ̀-wọ́tà sí i nígbà kan, ó ní omi tó mọ́ ṣá ni. Omi tí a lè mu dáa fún ikùn wa, ṣùgbọ́n iyọ̀ ilẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ ń ba òjé jẹ́. Kí ẹ sì kọ́kọ́ ṣáájì bátìrì kó kún kí ẹ tó bu omi sí i dé ojú àmì, nítorí omi máa ń wú nígbà tó bá ń gba iná. Bí ẹ bá ti bù ú kún ṣáájú, á dà síta pẹ̀lú ásíìdì.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀ ni fífọ orí bátìrì. Ọjọ́ Sátidé kìíní nínú oṣù ni mo ń ṣe é, láàárọ̀ kùtùkùtù. Màá kọ́kọ́ tú wáyà ìdí, èyí tó lọ sí bọ́dì, kí n tó tú ti orí. Bí ó bá jẹ́ ti orí lẹ kọ́kọ́ tú, tí sípánà sì fara kan irin mọ́tò, ẹ ti rí iná. Lórí bátìrì ni ẹ ó ti rí nǹkan funfun kan tó ní àwọ̀ ewé díẹ̀ lára, ó wú bí ìfófò, ó gbẹ bí ẹfun. Bàbá Rẹ́wáyà ló kọ́ mi pé kí n po káún mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, káún tí àwọn ìyàwó ilé fi ń se ẹ̀wà, kí n fi búrọ́ọ̀ṣì eyín ògbólógbòó tọ́ ọ sí i. Bó ti kàn án, ó ń hó ṣààà, àwọ̀ ewé yẹn ń yọ́ lọ, irin òjé ń jáde lábẹ́ rẹ̀, ó ń dán. Ásíìdì àti káún ló ń bá ara wọn jà, bí híhó náà bá ti dákẹ́, ásíìdì ti tán. Ẹ rí i pé ìdérí bátìrì wà ní dídé, káún kò gbọdọ̀ kán sínú rẹ̀. Màá fi omi lásán ṣan án, màá nù ún gbẹ, màá dè é le, ti orí ṣáájú, ti ìdí kẹ́yìn, màá wá fi gírísì díẹ̀ pa á lójú. Ọ̀nà wa kún fún kòtò, gbogbo ohun tí ẹ bá dè lónìí ló ń gbìyànjú láti tú lọ́la. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, mo máa ń fọwọ́ kan orí bátìrì. Bó bá gbóná ju ara bátìrì lọ, ó ti ń tú nìyẹn.

Áyọ́ọ̀nù ni wàhálà àwọn tó ń rán aṣọ òṣèré. Wọ́n máa ń ní, "Bọ̀dá, ẹ̀ẹ̀kan péré ni, aṣọ òkè kan ṣoṣo ni a fẹ́ lọ̀." Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Áyọ́ọ̀nù watt 1000 (watt ni iye agbára tí ẹ̀rọ ń jẹ), bí ẹ bá fi 12 pín in, ampere 83 ni, ẹ ó sì fi ohun tí ínfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ kún un, á lé ní 90. Bátìrì mi méjì jẹ́ 100 ampere-wákàtí lọ́kọ̀ọ̀kan (bí ẹni ń fa ampere kan fún ọgọ́rùn-ún wákàtí), ìdajì ni mo sì gbà kí wọ́n lò, ìyẹn 100 nínú 200. Áyọ́ọ̀nù kan ṣoṣo á gbé gbogbo rẹ̀ lọ láàárín wákàtí kan. Òótọ́ ibẹ̀ tiẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀, nítorí bí ẹ bá ṣe ń fa bátìrì olójé kíákíá tó, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ẹ máa rí nínú rẹ̀ ń kéré sí i. Iná LED tó wà lókè dígí, gbogbo wọn pọ̀ kò ju watt 40 lọ, wọ́n lè tàn mọ́jú. Láti ìgbà tí mo ti ṣe ìṣirò yìí lórí bébà tí mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ilẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó bá mi jà lórí áyọ́ọ̀nù mọ́. Jẹnẹrétọ̀ ló ń gbé e. Jẹnẹrétọ̀ náà sì gbọ́dọ̀ jìnnà, lápá ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ, kí fèrèsé má kọjú sí i. Èéfín rẹ̀ máa ń pa èèyàn sójú oorun láìní òórùn tó lè ta wọ́n jí, mi ò sì gbà kí ẹnikẹ́ni sùn nínú ilé onítáyà nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bá wà nítòsí.

Ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí wà nínú áyọ́ọ̀nù kan náà. Àsìkò òjò ni. Ilé kan la ti ń ya fíìmù, onílé gbà ká fa iná láti pálọ̀ rẹ̀. Okùn iná gígùn tí wọ́n gbé wá, wáyà méjì péré ló wà nínú rẹ̀, kò sí ti ẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń gbé iná tó bá jò lọ sínú ilẹ̀. Mi ò wò ó. Òjò ti rọ̀, ilẹ̀ tutù. Ọmọbìnrin òṣèré kan bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹrẹ̀ má baà kó o, ó di irin ẹnu ilẹ̀kùn mú láti gòkè, ó ké. Ọwọ́ rẹ̀ kò kọ́kọ́ fẹ́ já. Ìgbà tó já, ó ṣubú sínú ẹrẹ̀, ó jókòó síbẹ̀, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, kò tiẹ̀ lè sunkún. Mo sáré fa okùn iná yọ lára ògiri. Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Áyọ́ọ̀nù náà ti ń jò nínú: wáyà tó gbóná inú rẹ̀ ti fara kan irin ara rẹ̀. Irin ara rẹ̀ so mọ́ ẹ́ẹ̀tì sókẹ́ẹ̀tì, ẹ́ẹ̀tì sókẹ́ẹ̀tì so mọ́ bọ́dì mọ́tò, bó ṣe yẹ kó rí. Bí okùn iná bá ní wáyà ẹ́ẹ̀tì tó lọ sílẹ̀, iná yẹn ì bá gba ibẹ̀ lọ, fíúsì ì bá jó, ọ̀rọ̀ ì bá parí. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà. Mọ́tò dúró lórí rọ́bà mẹ́rin, iná wà lára gbogbo irin rẹ̀, ó ń wá ibi tó máa gbà dé ilẹ̀. Àwa tí a wà nínú rẹ̀ kò mọ nǹkan kan, nítorí ẹsẹ̀ wa kò kan ilẹ̀. Ẹni tó fẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ tútù tó sì di ilẹ̀kùn mú ló di ọ̀nà.

Láti ọjọ́ náà, okùn tèmi ni mo ń gbé lọ síbi iṣẹ́, wáyà mẹ́ta tó nípọn. Mo ra súwíìsì agbẹ̀mílà tí wọ́n ń pè ní RCD, mílíampere 30, mo fi í sí ẹnu ibi tí iná 230 ti ń wọlé. Ó máa ń wo iná tó wọlé àti èyí tó jáde. Bí ìyàtọ̀ bá wà, bí díẹ̀ nínú rẹ̀ bá gba ara èèyàn lọ, á já kí èèyàn tó mira. Mo ń tẹ bọ́tìnnì ìdánwò rẹ̀ lóṣooṣù. Kí ẹnikẹ́ni tó gòkè, mo máa ń yí mítà sí AC, màá fi ẹnu kan kan irin mọ́tò, màá fi ẹnu kejì kan ọ̀pá irin tí mo kàn mọ́lẹ̀ tútù. Bí mítà bá kà ju volt díẹ̀ lọ, mo ti yọ iná. Ọmọbìnrin yẹn ṣì ń bá wa ṣiṣẹ́. Ó máa ń bi mí kó tó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn pé, "Bọ̀dá, ṣé ẹ ti wò ó?" Mi ò ní bínú sí ìbéèrè yẹn láéláé.

Ọ̀rọ̀ fíúsì kò gùn. Ọmọ iṣẹ́ mi rí i pé fíúsì ẹ̀rọ omi, ampere 10, ń jó léraléra, ó fi okùn kọ́pà kan dí i. Omi ń jáde dáadáa, inú gbogbo wa dùn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo gbé ọwọ́ lé pákó ẹ̀yìn kíṣìnnì, ó gbóná. Ìgbà tí a tú u, rọ́bà ara wáyà ti yọ́ mọ́ pákó, pákó ti dúdú. Èkúté ló ti jẹ wáyà náà síhòòhò, òun ni fíúsì ń kígbe lé lórí láti ọjọ́ yìí. Fíúsì ń dáàbò bo wáyà, nítorí náà ìnípọn wáyà ló ń sọ iye tó yẹ kó jẹ́. Ti gbogbogbòò gbọ́dọ̀ wà nítòsí orí bátìrì, kó má ju ìbú ọwọ́ kan sí méjì lọ, torí ibi tí wáyà ti gùn tí kò sí fíúsì ṣáájú rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ.

Mo ní páálì sólà méjì lórí òrùlé. Wọ́n ń ran bátìrì lọ́wọ́ gan-an, ṣùgbọ́n abẹ́ igi ni àwọn òṣèré ń fẹ́ kí n dúró sí, kí ara lè tù wọ́n. Òjìji ẹ̀ka máńgòrò kan ṣoṣo tó bo igun páálì kan lè gba ọ̀pọ̀ nínú iná rẹ̀, nítorí àwọn ojú inú rẹ̀ so tẹ̀ lé ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀, èyí tó wà nínú òjìji ń dí àwọn tó kù lọ́wọ́. Nítorí náà mo ń dúró sínú oòrùn títí di aago méjìlá, lẹ́yìn náà mo ń sún sábẹ́ igi. Nígbà ọyẹ́, eruku á bò ó pátápátá; aṣọ rírọ̀ àti omi ni mo fi ń nù ún kí oòrùn tó mú, torí dígí gbígbóná kò fẹ́ omi tútù. Bí ẹ bá sì ń so kọntírólà sólà, ẹ̀rọ tó ń wọn iná páálì fún bátìrì, bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ so mọ́ ọn kí ẹ tó so páálì. Bí ẹ bá ń tú u, páálì ni kó kọ́kọ́ kúrò.

Ní ọdún tó kọjá, iṣẹ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mo sì gbé mọ́tò sínú àgbàlá, inú gáréèjì tí oòrùn kì í wọ̀. Mo pa gbogbo súwíìsì, ọkàn mi balẹ̀. Ìgbà tí mo padà sí i, bátìrì ti lọ sílẹ̀ gan-an. Ẹ̀rọ kékeré tó ń gbọ́ òórùn gáàsì ìdáná, èyí tí kò ní súwíìsì, ló ń jẹ wọ́n. Kò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ampere lọ, ṣùgbọ́n ẹ fi wákàtí 24 lù ú, ẹ fi ọjọ́ 42 lù ú, ó ti tó 100 ampere-wákàtí. Bátìrì olójé tó sì ti ṣófo tí ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nǹkan funfun kan á dì mọ́ òjé inú rẹ̀, á le, kò sì ní gba iná dáadáa mọ́. Ọ̀kan nínú méjèèjì kò gbádùn títí di òní. Mo ti fi súwíìsì ńlá kan sí ẹnu wáyà bátìrì báyìí, kí n lè já gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo ń tì í pa lẹ́yìn tí mo bá ti rí i pé gáàsì ìdáná ti wà ní pípa níta.

Bátìrì lithium ni mo ń fi owó pamọ́ fún báyìí. Ó fúyẹ́, a lè lo ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ láìbàjẹ́, ó sì ń pẹ́ ju olójé lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n ebi iná máa ń pa á púpọ̀ nígbà tó bá ṣófo, ó lè fa alternator títí á fi jóná, pàápàá bí ẹ́ńjìnì bá ń yí lójú kan. Ẹ̀rọ ìṣáájì kan wà tó gbọ́dọ̀ dúró láàárín wọn láti máa wọ̀n ọ́n fún un, òun náà sì lówó lórí. Bàbá Rẹ́wáyà ní kí n má tíì rà á, kí àwa méjèèjì kọ́kọ́ fi mítà wo ohun tí alternator ń sọ nígbà tí ẹ́ńjìnì bá gbóná tán. Sátidé tó ń bọ̀ la fi í sí, ní Lafẹ́nwá, kí oòrùn tó mú.